Egungun dáínósọ̀ tó ti di òkúta: kí ló ń fọ́ ọ lórí wíìlì?

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ̀yin oníṣẹ́ òkúta Ìkòròdú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sọ ìrírí yín lórí egungun dáínósọ̀ tó ń wá láti ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà. Kí ló dé tó fi ń fọ́ lórí wíìlì tí a fi ń pọ́n òkúta?

Ẹ̀gbọ́n Agbówà: Ibi tí mùdùnmúdùn wà tẹ́lẹ̀ ni agate (òkúta líle kan) kún, kò sì kún dọ́gba. Ẹ da gúlù olómi sójú ibi tó sán kó fà á mu, ẹ jẹ́ kó gan dáadáa kí ẹ tó gé e. Kó nípọn tó mìlímítà 6 ló dáa. Tó bá fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó ti lọ.

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀: Kó kọ́kọ́ gbẹ kanlẹ̀ o! Bí omi bá kù nínú ihò, òkè ni gúlù máa dúró sí.

Jagun: Ṣé kì í ṣe egungun màlúù Sábó ni wọ́n tà fún yín? 😂

Ẹ̀gbọ́n Agbówà: Jagun, fi ọ̀bẹ fá a wò. Ti màlúù á fá, èyí kò ní gbà: líle rẹ̀ tó 6.5 sí 7 lórí ìwọ̀n Mohs, tí wọ́n fi ń díwọ̀n líle òkúta láti 1 dé 10.

Dán-bí-dígí: Wíìlì 80 ló ń bà á jẹ́ (bí nọ́ńbà wíìlì bá ṣe kéré tó ni ojú rẹ̀ ṣe ń le koko tó). Láti 220 ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 600, 1200, 3000, kẹ́ ẹ wá fi cerium oxide (ẹ̀tù ìdán òkúta) dán an lórí awọ. Ògiri tó yí agate ká rọ̀ jù ú lọ. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ wíìlì, ojú rẹ̀ á di ṣákaṣàka.

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀: Omi kò gbọdọ̀ dá lórí ẹ̀. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, òmíràn sì ní uranium (èròjà tó ń tú ìtànṣán eléwu jáde) nínú.

Jagun: Ẹ ti ń dẹ́rù bani. Àwọn tó ń pọ́n lántànà (ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa) ní Ìlọrin láyé ọjọ́un ńkọ́?

Dán-bí-dígí: Ọwọ́ ni wọ́n fi ń pọ́n ọn. Ayùn oníná ń fọ́n eruku ju ọwọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀: Lántànà kò sì ní gúlù nínú bí èyí. Ẹ má fi wọ́n wéra.

Ọmọ Ìgbógbó: Ṣé èèyàn lè lọ wa tiẹ̀ fúnra ẹ̀ lọ́hùn-ún?

Ẹ̀gbọ́n Agbówà: Lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà? Rárá. Òfin 2009 kò gbà á láìsí ìwé àṣẹ. Èyí tó ti ilẹ̀ aládàáni wá ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì.

Jagun: Wọ́n ti mú iná lọ. Bíléèdì ṣì wà nínú òkúta ńkọ́?

Dán-bí-dígí: Pa swíìṣì ná! Tú ohun tó di òkúta mú, kó o fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Tí iná bá dé bá a níbẹ̀, bíléèdì á tẹ̀.