Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọbìnrin wa ń sọ nídìí irun

Ìyá Àdùkẹ́, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá wa, mo kí gbogbo yín o. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni Ọlọ́run fi jíǹkí èmi àti bàbá wọn. Àdùkẹ́ ń lọ sí ọmọ ọdún mọ́kànlá, Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, Àjọkẹ́ àbígbẹ̀yìn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Irun ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde nídìí irun.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé la máa ń dirun nílé wa. Iléèwé wọn ló ń yan irun tí gbogbo ọmọbìnrin á dì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: bí ti ọ̀sẹ̀ yìí bá jẹ́ ṣùkú, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè jẹ́ pàtẹ́wọ́ tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Bí a bá ti tú irun, tí a fọ̀ ọ́, tí mo fi òrí pa á, ọmọ á jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi, á kọ ẹ̀yìn sí mi. Èmi gbà pé kíkọ ẹ̀yìn yẹn ló ń ṣí wọn lẹ́nu. Ọmọ tí kò rí ojú ìyá rẹ̀, tí kò sì lè dìde lọ títí ìlà á fi tán lórí rẹ̀, á sọ ohun tí kò jẹ́ sọ láé bí ẹ bá pè é wọ yàrá pé, "Jókòó síbí, kí ló ń ṣe ẹ́?"

Nídìí irun ni mo ti gbọ́ pé Àjọkẹ́ kì í rí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ jẹ, ọmọ kan ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ náà ni Àbẹ̀kẹ́ ti bi mí ní ọjọ́ kan pé, "Mọ́mì, ṣé mo dúdú jù ni?" Ẹnì kan ló sọ fún un ní kíláàsì. Ó ta mí lára gan-an. Mo fi ìlàrí la ìlà tó kàn, mo ń ki oríkì rẹ̀ lọ, mo wá sọ fún un nípa ìyá ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Adúmáadán, tí àwọn ènìyàn máa ń yà kí níwájú ṣọ́ọ̀bù torí kí wọ́n lè rí i. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Àmọ́ ní ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé òun jọ ìyá àgbà kan tó rẹwà.

Ní báyìí, Àdùkẹ́ ní òun fẹ́ máa lọ dirun lọ́dọ̀ onídìrí tó wà ní ìkángun àdúgbò wa, pé ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ òun ń lọ. Owó rẹ̀ kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmú ti ń yọ láyà ọmọ yìí, ó ti ń ti ilẹ̀kùn bó bá fẹ́ wẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ sì ti yàtọ̀ sí ti àwọn àbúrò rẹ̀. Àsìkò tí mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jù lọ ló fẹ́ dìde láàárín ẹsẹ̀ mi.

Mo ti bá a sọ̀rọ̀ nǹkan oṣù, mo ti fi páàdì hàn án. Ohun kan tí mo pinnu pé n kò ní sọ fún ọmọ mi ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ọ̀pọ̀ nínú wa: "Bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ọ́, o máa lóyún." Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ pátápátá. Ọmọkùnrin kan fà á lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń ta sùwẹ̀, ló bá ń sunkún lóru pé òun ti lóyún. Kò sì lè sọ fún ìyá rẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ gan-an ló fi ọ̀rọ̀ náà dẹ́rù bà á. Ẹ̀rù tí a fi sínú ọmọ báyẹn, àwa òbí ló kọ́kọ́ ń lé e sá fún.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni tiyín? Bí ọmọ kò bá jókòó síwájú yín mọ́, níbo lẹ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀?


Bàbá Ìbejì, Òṣogbo

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọkùnrin ni mí, èmi ni mo sì ń dirun fún àwọn ìbejì mi, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ni ìyá wọn, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Kòlẹ́sẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dì, èyí tó lọ tààrà láti iwájú dé ìpàkọ́. Àbúrò ìyàwó mi ló kọ́ mi, lórí irun tirẹ̀. Nígbà tó yá, mo mọ ṣùkú náà. Àwọn aládùúgbò máa ń dúró wò mí lójúde, mo sì máa ń kí wọn, inú mi máa ń dùn.

Táyé ló ń sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Kẹ́hìndé kì í sọ tirẹ̀ bó bá kàn án láti dirun, ṣe ló máa ń sùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń dirun Táyé, Kẹ́hìndé á jókòó tì wá, á di ìlàrí àti òwú mú fún mi, á sì máa tún ọ̀rọ̀ Táyé ṣe: "Rárá o, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀." Ó mọ̀ pé òun lẹ̀gbọ́n. Báyẹn ni mo ṣe ń gbọ́ ti Kẹ́hìndé, nídìí irun ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, èyí tó ń dènà kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bíi ti Èkó àti Ògùn. Kó tó kan iléèwé tiwọn, Táyé ń sọ̀rọ̀ nídìí irun lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní àwọn kan ní kíláàsì ń sọ pé ẹni tó bá gbà á kò ní bímọ láyé, àti pé àwọn ti jọ ṣàdéhùn pé àwọn máa sá gba ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́ lọ. Kẹ́hìndé ní, "Èmi ò sọ pé mo máa sá, mo ní mo máa kọ́kọ́ bi Mọ́mì."

Nígbà tí ìyá wọn dé láàárọ̀, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó ti jókòó tì wọ́n. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀dọ̀ ọkùnrin ni obìnrin ti máa ń kó kòkòrò náà bí wọ́n bá bá ara wọn lò pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ yìí kó tó mọ ọkùnrin rárá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un, ọ̀fẹ́ ni, kò sì di ọmọ bíbí lọ́wọ́. Ó sọ fún wọn nípa àwọn obìnrin tó máa ń rí ní wọ́ọ̀dù, tí jẹjẹrẹ náà ti wọ̀ lára kí wọ́n tó wá. Àwọn ọmọ mi gba abẹ́rẹ́ náà. Apá dùn wọ́n títí di ọjọ́ kejì, ó sì tán. Bí n kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu Táyé lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n á ti sá.

Wọ́n ti pé ọdún méjìlá báyìí. Wọn ò tíì rí nǹkan oṣù. Ẹ̀yin ìyá, mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ yín: ṣé èmi bàbá lè bá wọn sọ ọ́, àbí kí n fi í sílẹ̀ fún ìyá wọn? Èmi ni mo sábà máa ń wà nílé lálẹ́.


Màmá Ṣadé, London

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Peckham làwa ń gbé. Níbí náà, iléèwé ni wọ́n ti ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ tí Bàbá Ìbejì sọ, láti bí ọmọ ọdún 12 sí 13, tọkùnrin tobìnrin.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Bí mo bá ń dirun fún un, àlọ́ ni mo máa ń pa. Mo lè fi Ìjàpá Tìrókò dé ìdajì orí, kí n tó dé ìpàkọ́ Yánníbo ti bá a jà. Yorùbá ni mò ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn, àmọ́ bí irun bá ta á lórí, "Yéè, ó ń dùn mí!" ló máa ń ké. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èdè náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ṣàdédé ní kí n fi kírímù na irun òun. Mi ò bá a jà, n kò sì bi í ní ìdí. Mò ń dì í lọ. Ó tó wákàtí kan kó tó sọ pé tíṣà kan ní ìlẹ̀kẹ̀ tó wà létí irun òun ń pariwo, kí òun lọ tú u, àwọn ọmọ sì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti gbé e mì. Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Equality and Human Rights Commission, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn níbí, gbé ìlànà jáde fún àwọn iléèwé pé fífi ìyà jẹ ọmọ nítorí irun àbínibí rẹ̀ tàbí irun dídì lè tako Equality Act, òfin ọdún 2010 tó ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ síwèé, mo mú un lọ bá wọn, a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ọmọ mi wọ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ padà ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò sì dárúkọ kírímù mọ́.

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ onídìrí. Ọdún mẹ́rìnlá ni tèmi báyìí, òpópónà Rye Lane ní Peckham ló ti ń dirun. Èmi ni mo ń mú un lọ, a jọ máa ń wọ bọ́ọ̀sì. Ó ń wo iwájú, èmi náà ń wo iwájú, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ sọ nípa kíkọ ẹ̀yìn yẹn, òótọ́ ni.


Ìyá Àgbà, Adó-Èkìtì

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Èmi kì í dirun mọ́, ojú mi kò gbé e. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni mò ń sín fún wọn. Bí ọmọ bá wá ní ìlẹ̀kẹ̀ ti ń fún òun, mo mọ̀ pé ara rẹ̀ ti ń yí padà. Èmi á máa tú u, èmi á máa sín òmíràn, òun náà á máa ròyìn.

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Wọ́n dábẹ́ fún mi ní kékeré. Nígbà tí ọmọ mi bí obìnrin, ẹnì kan láti ilé ọkọ rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ọmọ tó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Mo ní kò ṣeé ṣe. Mo sọ ohun tójú mi rí nígbà ìkúnlẹ̀ abiyamọ níwájú gbogbo wọn, ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 lòdì sí ìwà ipá ti ka ìdábẹ́ fún obìnrin léèwọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní ìkókó lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ àṣà tì yín.


Ìyá Àdùkẹ́, Ìbàdàn

Ìyá wa, ẹ ṣeun gan-an mà. Ẹ ó pẹ́ fún wa.

Bàbá Ìbejì, ẹ bá wọn sọ ọ́ o! Láàárín ọdún 10 sí 15 ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin máa ń rí i, tiyín sì lè jẹ́ lálẹ́ tí ìyá wọn wà níbi iṣẹ́. Ẹ ra páàdì sílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátá àti bí wọ́n ṣe ń wé e kí wọ́n tó sọ ọ́ nù. Kí ọ̀kan àti pátá kan máa wà nínú báàgì iléèwé wọn nígbà gbogbo. Ẹ sọ fún wọn pé ó lè wá lóṣù yìí kó má wá lóṣù tó ń bọ̀, pàápàá ní ọdún àkọ́kọ́, kí wọ́n má bàa fòyà. Bí inú bá ń rún wọn, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú ìgò, kí wọ́n fi aṣọ wé e, kí wọ́n gbé e lé abẹ́ ìdodo. Bó bá le débi tí wọn kò lè lọ síléèwé, ìyá wọn á mọ ohun tó kàn.

Màmá Ṣadé, mo gbọ́. Èmi àti Àdùkẹ́ á jọ máa lọ.


Bàbá Ìbejì, Òṣogbo

Ẹ ṣeun mà. Mo ra páàdì náà lánàá. Ẹni tó tà á fún mi fẹ́ fi láílọ́ọ̀nù dúdú dì í, mo ní kó fún mi bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ́wọ́ délé, mo gbé e lé orí tábìlì. Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ bi mí ní ohun tó jẹ́. Mo sọ fún àwọn méjèèjì bí ẹ ṣe wí. Táyé béèrè bóyá ó máa ń dùn, ó tún béèrè bóyá ọkùnrin náà ń ṣe é. Mo dá a lóhùn débi tí mo mọ̀ ọ́n dé, ìyá wọn sì parí ìyókù nígbà tó dé láàárọ̀.