ld ní òun ò rí _start

Ọmọ Tanke: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Àtàná ni mo ti ń bá ètò kékeré kan tí mo fi èdè assembly kọ fún Linux fà á n'Ílọrin níbí. `nasm -f elf64 kaabo.asm`, tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ, ṣiṣẹ́, kaabo.o jáde. Mo wá tẹ `ld kaabo.o -o kaabo` kí ld lè sọ ọ́ di ètò tó ṣeé lò, ó ní òun ò rí _start, ìyẹn ibi tí ètò ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo sì kọ ọ́ síbẹ̀!

Ará Ọ̀fà: Àbúrò, kíkọ ọ́ nìkan ò tó. Fi `global _start` sókè rẹ̀. Láìsí i, inú fáìlì yẹn nìkan lorúkọ náà mọ, ld ò lè rí i.

Ọmọ Tanke: Ẹ ṣé gan-an, sà! Ètò náà kí mi káàbọ̀, àmọ́ ó tún ní Segmentation fault, pé ó fọwọ́ kan ibi tí kò tọ́ sí i nínú mémórì.

Ìyá Ìbejì, Òmù-Àrán: O ò sọ fún un pé kó parí ni, ọmọ mi. Fi 60, nọ́ńbà àṣẹ ìparí, sí rax, 0 sí rdi (àpótí kékeré inú CPU ni méjèèjì), kí o pe syscall, ìyẹn kí o ké sí Linux. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á máa ka ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn kóòdù rẹ bí àṣẹ.