Paris: ibi tí mo parí ètò mi sí

Ẹ kú àdúrótì o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn. Ohun tí mo béèrè ni ibi tó yẹ kí n dé sí ní Paris, àti bóyá ààfin Versailles lè wọ inú ìrìn àjò kúkurú. Mo ti lọ, mo ti bọ̀.

Mo yọ Versailles kúrò. Ó dùn mí díẹ̀, àmọ́ ààfin yẹn nìkan á gba odidi ọjọ́, ẹsẹ̀ èèyàn kì í sì í ṣe irin. Àdúgbò Marais ni mo dé sí, torí pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Notre-Dame. Ṣọ́ọ̀ṣì náà tí iná jó ní 2019 ti ṣílẹ̀kùn padà láti oṣù Kejìlá 2024, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé. Mo pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Wọ́n ti fọ òkúta ara ògiri rẹ̀, ó funfun báláú.

Ìmọ̀ràn tó wúlò jù ni ti ẹni tó ní kí n kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í ṣí: Louvre kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Orsay kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Mo to ètò mi yí wọn ká, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Louvre sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ilé ìṣọ́ Eiffel ńkọ́? Àtẹ̀gùn ni mo gbà dé àjà kejì, ìgbésẹ̀ 674. Owó rẹ̀ kéré sí ti ẹ̀rọ agbéniròkè. Ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹ má dán an wò o!

Ìbéèrè tèmi ti tán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i nípa Marais, kó bi mí.