Iná ń gbé bàbá mi níbi tí iṣan wọn ti já: ṣé ó ń hù ni àbí ó ń kú?

Ọmọ Afíngbá, Ọ̀yọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Igbá ni bàbá mi ń fín nítòsí ọjà Akẹ̀sán. Ọ̀bẹ yọ̀, ó gé wọn ní ọrùn ọwọ́ òsì. Dókítà ní iṣan ìmọ̀lára já, wọ́n sì rán an. Ọgbẹ́ ti jinná, ṣùgbọ́n ìka kékeré àtèyí tó tẹ̀ lé e ti ká kò, wọn ò mọ nǹkan lára. Ẹran àárín àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ti jìn wọlé. Bí mo bá fi ìka kan àpá náà pẹ́pẹ́, wọ́n á ní iná gbé àwọn dé ìka. Ṣé iṣẹ́ abẹ náà ò jẹ́ ni?

Ìyá Físíò, Ògbómọ̀ṣọ́: Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Iná yẹn gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ wá lọ́wọ́ aláìsàn. Àmì Tinel là ń pè é. Jules Tinel, dókítà ará Faransé, kọ nípa rẹ̀ ní 1915. Orí iṣan tuntun tó ń hù ló ń ta wọ́n.

Rírán kì í mú kí iṣan jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Apá tó wà nísàlẹ̀ ibi tó já gbọ́dọ̀ kú ná. Augustus Waller, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, ti rí èyí lára ahọ́n ọ̀pọ̀lọ́ ní 1850. Àwọn sẹ́ẹ̀lì Schwann, ìyẹn àwọn tó máa ń wé mọ́ iṣan, á wá palẹ̀ òkú iṣan mọ́, wọ́n á sì tò lọ gbọọrọ. Bí ọ̀pá iṣu ni wọ́n rí: ìtàkùn àtijọ́ gbẹ, ọ̀pá ò kúrò, òun ni tuntun máa gùn. Láti òkè ló ti ń hù bọ̀, bíi mìlímítà 1 lóòjọ́. Ọrùn ọwọ́ sí orí ìka kékeré lè tó mìlímítà 150. Ìwọ náà ṣírò rẹ̀.

Fi bírò sàmì síbi tí iná ti ń gbé wọn. Lóṣù tó ń bọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ìka, máa kàn án bọ̀ lókè. Bó bá ti sún sọ́dọ̀ ìka, iṣan ń rìn nìyẹn. Bó bá dúró sójú kan, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, torí ẹran tí iṣan ò bá dé láàárín oṣù 12 sí 18 kì í sábà jí mọ́. Máa na ìka wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, kí oríkèé má gan. Jọ̀ọ́, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹn gbé ìkòkò gbígbóná; á ti bó kí wọ́n tó mọ̀.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣé, mà. Ìyá mi ní àtọ̀gbẹ, àtẹ́lẹsẹ̀ ń jó wọn. Ṣé bákan náà ni?

Ìyá Físíò: Rárá o. Ti àtọ̀gbẹ, orí iṣan tó gùn jù lọ ló ti ń kú bọ̀ wá sókè, ìdí nìyẹn tó fi ń kọ́kọ́ mú ẹsẹ̀. Kò síbi tí èèyàn fẹ́ rán. Ṣúgà ni kẹ́ ẹ bá wọn fà wálẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò lálaalẹ́ bóyá egbò wà níbẹ̀ tí wọn ò mọ̀.