Ọkọ̀ aláfáíbà tí mo fọwọ́ ara mi kàn: iná ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣe déédéé

Ìbéèrè, láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ọkọ̀, mo kí yín o. Mo ń kan ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ni méjì kan lẹ́yìnkùlé wa nítòsí Takié. Shásí Volkswagen Ìjàpá ni mo gbé e lé, fáíbà sì ni mo fi ṣe gbogbo ara rẹ̀. Mo ra iná ẹ̀yìn olóbìírípo méjì tí ó jẹ́ tòkunbọ̀, mo sì so wáyà wọn láti dán wọn wò kí n tó dá ihò kankan. Ohun tí ó rú mi lójú ni pé bí mo bá tẹ búréèkì, iná búréèkì apá òsì kì í mọ́lẹ̀ dáadáa, tìráfíkétọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì máa tàn bàìbàì, bẹ́ẹ̀ ni n kò fọwọ́ kàn án. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà tẹ̀ sẹ́yìn. Bí mo bá gbé iná lé e bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀run ni yóò máa wò.

Èsì, láti ọ̀dọ̀ arẹwáyà kan ní Ọ̀yọ́

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Má wulẹ̀ pààrọ̀ gílóòbù, ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, ni kò sí. Nínú ọkọ̀ onírin, ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni iná ń gbà padà sí orí nẹ́gétíìfù bátìrì, ṣùgbọ́n fáíbà kì í gbé iná. Nígbà tí iná búréèkì rẹ kò rí ọ̀nà padà, ó gba inú gílóòbù tìráfíkétọ̀ kọjá, ó sì gba wáyà rẹ̀ lọ sí tìráfíkétọ̀ iwájú kí ó tó rí ẹ́ẹ̀tì; agbára tí ó yẹ kí gílóòbù kan ṣoṣo jẹ ni wọ́n wá ń pín, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń ṣe bàìbàì. Fa wáyà kan láti orí nẹ́gétíìfù bátìrì wá sí ilé iná apá òsì náà, kí o tẹ búréèkì. Bí ó bá mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, fa wáyà dúdú láti ilé iná kọ̀ọ̀kan lọ sí bóòtù kan lára shásí, ha ọ̀dà ibẹ̀ títí irin yóò fi hàn, dè é le, kí o sì fi gírísì bò ó. Kí wáyà náà nípọn, nítorí 21 wọ́ọ̀tì ni gílóòbù búréèkì sábà máa ń jẹ, nígbà tí ti alẹ́ ń jẹ 5. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, nítorí náà má jẹ́ kí wáyà kankan sún mọ́ sàlẹ́ńsà. Mo ti rí ẹni tí ó fi bóòtù tí ó di iná mọ́ fáíbà ṣe ẹ́ẹ̀tì, tí ó sì ń bú ẹni tí ó ta bátìrì fún un.

Èsì, láti ọ̀dọ̀ aṣefáíbà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀gá ti sọ ti wáyà. Ní ti bí iná yóò ṣe jókòó, fi fáíbà mọ ìrọ̀rí kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ara ọkọ̀ mu, tí ojú rẹ̀ sì dúró ṣánṣán, kí iná lè kọjú sí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Má ṣe wọn iná láti etí ọkọ̀, nítorí ọ̀tún àti òsì ọkọ̀ àfọwọ́kàn kì í sábà dọ́gba; ta okùn sí àárín gbùngbùn shásí, kí o sì wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀. Ìlànà 48 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹ́ kí iná ẹ̀yìn ga tó 350 mìlímítà láti ilẹ̀ ó kéré tán, kí ó má sì ju 1,500 lọ. Lẹ téèpù bébà mọ́ ibi tí o fẹ́ lu kí ojú fáíbà má baà fọ́ sẹ́bẹsẹ̀bẹ, fi wọ́ṣà fífẹ̀ sí ẹ̀yìn, má sì dè é ní àdèjù. Fi rọ́bà sí ihò tí wáyà ń gbà kọjá.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo fa wáyà láti bátìrì, iná náà sì mọ́lẹ̀ kedere. Bí mo bá wá lo gílóòbù LED ńkọ́?

Arẹwáyà, Ọ̀yọ́

Kò burú, ṣùgbọ́n tìráfíkétọ̀ lè máa ṣẹ́jú kíákíá tàbí kí ó má ṣẹ́jú rárá, nítorí LED kò jẹ iná púpọ̀, fláṣà àtijọ́ (ohun tí ń mú tìráfíkétọ̀ ṣẹ́jú) sì lè ṣe bí ẹni pé gílóòbù kan ti jó. Ra fláṣà tí wọ́n ṣe fún LED.