FlightGear (eré wíwa bàálù) ń falẹ̀ lórí Linux mi: ṣé RAM ni àbí kí ni?

ÌyẹÀṣá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Graphics card méjì ló wà nínú laptop mi, ti Intel àti ti NVIDIA. RAM rẹ̀ jẹ́ 16 GB, Ubuntu ló wà lórí rẹ̀. Flathub, ibi tí wọ́n ti ń gba app Flatpak, ni mo ti gba FlightGear. Cessna 172P lásán ni mò ń wà, síbẹ̀ FPS (iye àwòrán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) ò kọjá 7. Kí àwòrán tó gbọ́ ohun tí ọwọ́ mi ṣe, bàálù ti yà kúrò lójú pápá. Mo yọ igi, mo yọ ilé, mo yọ òjìji, ó wá di 9. Fáànù ń pariwo, htop, tó ń fi iṣẹ́ CPU hàn, sì fi hàn pé gbogbo core inú CPU ló kún dẹ́nu. Mo ṣe `glxinfo -B` láti mọ ohun tó ń ya àwòrán, NVIDIA ló kọ síbẹ̀, ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kó yé mi. Àbí kí n fi RAM kún un ni?

Ọ̀rọ̀ kejì: tí mo bá ti throttle (ìdarí agbára ẹ́ńjìnnì) síwájú dé òpin láti gbéra, bàálù á máa yà sósì. Ṣé joystick mi ti bàjẹ́ ni?

OníTerminal

RAM kọ́, 16 GB tó o. Gbìyànjú `sudo cpupower frequency-set -g performance`, kí CPU yéé tòògbé.

BàbáKernel

Ìyẹn ò ní pa á lára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni àrùn wà. Ẹ wo ohun tó sọ nípa htop. Orí core kan ni FlightGear máa ń di iṣẹ́ tó pọ̀ jù lé, àwọn tó kù kì í fi bẹ́ẹ̀ làágùn. Tí gbogbo core bá gbóná lẹ́ẹ̀kan náà, a jẹ́ pé CPU ló ń ya àwòrán tó yẹ kí graphics card yà. llvmpipe lorúkọ ohun tó ń bá a ṣe é.

Àbúrò, ìta ni glxinfo rẹ ń wò. Inú Flatpak, àpótí tó ń ya app sọ́tọ̀, ni FlightGear wà, Flatpak kì í sì í lo driver NVIDIA (ètò tó ń darí graphics card) tí apt fi sórí kọ̀ǹpútà. Ó ní ẹ̀dà tirẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀dà méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu géérégé. Bí Ubuntu bá gbé tìta ga, tí o ò ṣe `flatpak update`, inú àti ìta ò gbọ́ra wọn yé mọ́ nìyẹn. llvmpipe á gbapò wọn, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣí FlightGear, lọ sí Help, tẹ About, kí o ka ìlà renderer, tó ń sọ ohun tó ń ya àwòrán. Ibẹ̀ nìkan ni èmi gbà gbọ́. Lẹ́yìn náà, ṣe `flatpak update`, kí o pa kọ̀ǹpútà, kí o tún un tan.

Ti bàálù tó ń yà, fi app jstest-gtk wo joystick náà. Bí axis bá dúró sórí òdo nígbà tí o ò fọwọ́ kàn án, má bú u. Bí Cessna gidi ṣe ń ṣe nìyẹn. JSBSim ló ń ṣírò bí bàálù yẹn ṣe ń fò, kò sì gbàgbé propeller: tí ẹ́ńjìnnì bá ń lo agbára púpọ̀, imú bàálù á máa fà sósì. Rudder (abala ìrù tó ń yí imú bàálù) ọ̀tún loògùn rẹ̀. Tí o ò bá ní pedal, Enter tó wà lápá nọ́ńbà lórí keyboard ń tì í sọ́tùn-ún, 0 ń tì í sósì.

ÌyẹÀṣá

llvmpipe ló wà níbẹ̀ lóòótọ́! FPS ti wọ 50, igi àti òjìji ti padà sáyè wọn. Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Àmọ́ tí mo bá sún mọ́ ìlú ńlá, 50 á já sí 25, á tún gòkè.

BàbáKernel

TerraSync ló ń gbé ilẹ̀ tuntun wọlé láti íntánẹ́ẹ̀tì bí o ṣe ń fò. Ibi tí o bá ti dé rí á wà lórí disk, kò ní dà ọ́ láàmú tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Fi `--prop:/sim/frame-rate-throttle-hz=30` kún àṣẹ tí o fi ń ṣí i. 30 tí kò mì tẹ́ mi lọ́rùn ju 50 tó ń gòkè tó ń sọ̀ lọ, pàápàá nígbà ìbalẹ̀.

OníTerminal

Bàbá, èmi ò lè gba 30 o. Màá kúkú yọ AI traffic (àwọn bàálù tí eré ń wà fúnra rẹ̀), kí n jẹ́ kí 60 mi dúró.