Sertraline: ọjọ́ karùn-ún rèé, ṣé ká dá a dúró?

ỌmọKàbà
Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Dókítà ní Lọ́kọ́ja kọ sertraline 50 mg fún àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 22, nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àyà jíjá. Ẹyọ kan lójúmọ́. Látìgbà náà èébì ń gbé e, kì í rí oorun sùn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Màmá ní ká dà á nù ká wá àgbo. Bí ibà bá sì dé ńkọ́?

Apòògùn Ìsánlú
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù. Bó ṣe máa ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì nìyẹn. Serotonin, èròjà ara tí oògùn yìí ń ṣiṣẹ́ lé lórí nínú ọpọlọ, pọ̀ nínú ìfun náà, ìdí nìyẹn tí inú fi kọ́kọ́ ń dàrú. Ìnira rẹ̀ ló ń yára dé; ìtura á tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, nígbà mìíràn 6. Àárín méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́.

Ẹ máa fún un láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, kó lè sùn lálẹ́. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, 25 mg ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ pe dókítà, ẹ béèrè bóyá kẹ́ ẹ gé e sí méjì. Bó bá gbà, tí ìlà sì wà láàárín ẹyọ náà, ẹ gbé abẹ tuntun lé ìlà ọ̀hún, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ ẹ bá ń rẹ́ ẹ bí ẹni rẹ́ iṣu, á rún, ìdajì kan á ju èkejì lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ní ti ibà, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná, kẹ́ ẹ sì sọ oògùn tó ń lò fún ẹni tó fẹ́ ta oògùn ibà fún yín. Ara ríro? Paracetamol ni. Ibuprofen àti diclofenac pẹ̀lú sertraline lè mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀. Tramadol ni mo bẹ̀ yín pé kó má kàn án rárá: ara lè gbóná, iṣan á le, ẹni náà á máa sọ ìsọkúsọ. Ilé ìwòsàn ló kàn nígbà náà. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn tí kò tíì pé 25, èrò ikú lè wá sí wọn lọ́kàn ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí Màmá máa tọ́jú páálí oògùn náà. Bó bá sọ pé ikú sàn, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí kò bá sùn mọ́, síbẹ̀ tí agbára ń gùn ún, tó ń sọ̀rọ̀ wàrà-wàrà.

ỌmọKàbà
Ẹ ṣé gan-an. Bó bá gbàgbé ti àárọ̀ ńkọ́? Ìgbà wo ló sì máa dáwọ́ dúró?

Apòògùn Ìsánlú
Bó bá rántí lọ́jọ́ náà, kó lò ó. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹyọ kan náà ni, kó má lo méjì pọ̀. Bí ara bá yá, á ṣì máa lò ó fún oṣù 6 ó kéré tán, kí dókítà tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ìdádúró òjijì ló ń fa òyì, ìbínú, àti nǹkan tó ń ta nínú orí bí iná mànàmáná. Nítorí náà, bó bá ku ẹyọ 10, ẹ ti lọ ra òmíràn. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí ọkọ̀ Lọ́kọ́ja máa yá.